Akànṣẹ́ Kékeré àti Akànṣẹ́ Ńlá

Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ẹgbẹ́dá ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti máa ń jiyàn lórí àwọn akànṣẹ́ tó lókìkí jù láyé. Òun gbà pé kò sẹ́ni tó lè tó àwọn òmìrán tó wúwo jù lọ. Èmi á ní irọ́ ni. Ẹ mú akànṣẹ́ kékeré tó ń yí bí òkòtó, ẹ fi síwájú òmìrán, ẹ ó rí ẹni tó máa sùn sílẹ̀. Mo máa ń sọ pé ìwọ̀n kì í ṣe nǹkankan, ọgbọ́n ni gbogbo rẹ̀. Ẹnu kúkú dùn-ún ròfọ́. Ọmọbìnrin mi máa ń jókòó tì mí, ó ń gbọ́ ohun gbogbo.

Nígbà tó pé ogún ọdún, òun náà di akànṣẹ́. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ìgàndo ni ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sí, ní ọ̀sán Sátidé. Wọn ò ní òṣùwọ̀n níbẹ̀, kálukú ló lọ wọn ara rẹ̀ níbi tó sún mọ́ ọn, tó sì mú ìwé wá. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì àdúgbò wa la ti wọn tiwa: kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ohun tí ìwé ọmọbìnrin tó fẹ́ bá a jà sọ náà nìyẹn.

Ìgbà tí ọmọ náà bọ́ ẹ̀wù òde rẹ̀ ni àyà mi já. Apá rẹ̀ tó itan ọmọ mi. Mo bi kóòṣì rẹ̀ níbi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

"Lọ́dọ̀ bàbá tó ń ra irin àlòkù lẹ́bàá ààtàn ni, Dádì. Ibẹ̀ ló sún mọ́ wa ṣá."

Mo mọ òṣùwọ̀n bàbá yẹn. Mo ti gbé irin ogún kílò lọ bá a rí, méjìlá ló kà fún mi. Ó ti yí i kó lè máa jẹ irin onírin. Ọmọ yìí á lé ní àádọ́rin kílò dáadáa.

Mo sáré lọ bá ọmọ mi. Mo ní kó má jà, ẹni yẹn wúwo jù ú lọ.

Ètè rẹ̀ ti gbẹ. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ìwọ̀n kì í ṣe nǹkankan? Láti kékeré lẹ ti ń sọ ọ́ fún mi."

Rẹfirí ti ń pè wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi tó bá wa wá, tí kò tíì gbọ́ kí n gbà fún un rí, dúró sẹ́yìn mi.

"Irọ́ ni mo pa," ni mo wí. "Èmi kọ́ ni wọ́n ń lù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n tú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀rù ti ń bà mí látìgbà tí mo ti rí i, Dádì," ló rọra wí. "Ẹ̀yin ni mi ò fẹ́ dójú tì."