Bí Màámi Ṣe Wọ Ilé Tí A Ò Tíì Kọ́

Dókítà ojú ti sọ fún màámi pé ìríran tó kù fún wọn kò ní pẹ́ lọ, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a dúró. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí: kí n jẹ́ kí àwọn rí ilé tí a fẹ́ kọ́ sí Ayọ̀bọ̀ kí ojú náà tó lọ.

Àwòrán ilé ni mo ń yà jẹun. Mo ti ya ilé náà sínú láptọ́pù, débi pé èèyàn lè máa rìn láti yàrá dé yàrá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣí i báyìí, láptọ́pù á dákú. Rámù inú rẹ̀, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tó ń gbé iṣẹ́ tí a bá ṣí dúró, kéré sí ẹrù tí mo gbé rù ú.

Mo sáré lọ sí ìsọ̀ kan ní Ìkòtún, mo ra rámù tó tóbi jù ú lọ. Ojú lásán ni mo fi wò ó. Gbogbo wọn ṣáà jọra. Mo délé, mo tú ìdí láptọ́pù, mo tì í títí, kò wọlé. Ibi tí wọ́n gé nídìí rẹ̀ kò bá ojú ihò mu. Inú bí mi, ó kù díẹ̀ kí n fipá tì í.

Màámi ní, "Ṣé o gbé láptọ́pù yẹn dání nígbà tó o lọ?"

"Rárá, mà. Ilé ló wà."

"Ehn! A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Gbé e, ká jọ lọ jàre."

Ní ìsọ̀, màámi ni agbẹnusọ. Wọ́n ní kí ọkùnrin tó tà á fún mi yọ ti àtijọ́ síta, kó wá irú rẹ̀ gan-an tó tóbi jù ú lọ, kó sì dán an wò lójú wa.

"Màmá, àyẹ̀wò yẹn máa pẹ́ díẹ̀ o."

"Ṣé o ò rí i pé mo ti jókòó ni?"

Àkọ́kọ́ tó ki bọ̀ ọ́ wọlé wẹ́kú, àmọ́ àyẹ̀wò fi àṣìṣe hàn. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì yege.

Mo ṣí ilé náà. Kò dákú. Háà! Nǹkan tí kò ju ìka méjì lọ ló gbé odindi ilé dúró, àtòrùlé àtilẹ̀kùn!

Màámi sún mọ́ ọn. "Bẹ̀rẹ̀ láti yàrá mi." A jáde ní yàrá, a dé ilé ìdáná, a bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Padà." A tún rìn ín, a tún un rìn. Mo rò pé ilé náà ló dùn mọ́ wọn.

Ìgbà tó yá, wọ́n dijú, wọ́n na ọwọ́ síwájú. "Ilẹ̀kùn mi rèé. Mo yà sọ́tùn-ún. Ògiri. Ilé ìdáná. Ẹ̀yìnkùlé." Wọn ò ṣì í rárá.

"Ó tó," ni wọ́n wí, ojú wọn ṣì wà ní dídì. "O lè máa kọ́ ọ báyìí. Kò sẹ́ni tó máa fà mí lọ́wọ́ kiri nínú ilé yẹn."