Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru tí Mo fún Ìyá

Mo ṣì rántí bí orí mi ṣe máa ń wú nígbà tí àwọn ará Runjin Sambo, àdúgbò wa nílẹ̀ Hausa, bá pè mí ní Likita. Oògùn ibà, oògùn ikọ́ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ṣùgbọ́n àwọn Hausa a máa pe oníkẹ́mísì ní dókítà, èmi ọ̀dẹ̀ sì gbà á gbọ́. Mi ò mọ̀ pé kíkí lásán ni wọ́n ń kí mi.

Lákòókò náà, jẹjẹrẹ ọmú mú àbúrò ìyá mi, ẹni tó mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì tọ́ mi dàgbà. Ìyá ni mò ń pè é. Ojoojúmọ́ ló ń lọ gba ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ ní ọsibítù, dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ jẹ, kí àìsàn náà má baà tún gbèrú. Èmi náà jókòó níbẹ̀, mò ń mi orí bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Orí fóònù ni mo ti kà pé àwọn onímọ̀ kan ń dán oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wò, èyí tó ń dí ọ̀nà tí èròjà kálísíọ̀mù ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara. Wọ́n ní tí ọ̀nà yẹn bá dí, agbára jẹjẹrẹ lè dín kù, kí ìtànṣán sì rí i pa dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú abọ́ dígí àti ara eku ni wọ́n ṣì ti ń dán an wò. Mo fo ìlà yẹn. Oògùn ọ̀hún ṣáà kún pẹpẹ mi, kí ni mo tún ń wá?

“Ìyá, ẹ máa lo eléyìí kí ẹ tó lọ gba ìtànṣán. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún dókítà.”

“Likita mi, ìwọ lo mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀jẹ̀ ìyá kò ru rí. Lọ́jọ́ kẹrin, òòyì kọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, ó sì ṣubú. Dókítà fi Hausa bi í pé kí ló mu kó tó kúrò nílé. Ìyá wojú mi, ó ní, “Shayi kawai.” Tíì nìkan. Dókítà dá ìtànṣán dúró títí wọn yóò fi mọ ohun tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi yàtọ̀: mo pa ẹnu mọ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta nítorí orúkọ tí kì í ṣe tèmi, àgbàlagbà sì ń purọ́ nítorí mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyá bi mí pé, “Ọmọ mi, gbogbo bí a ṣe ń dákẹ́ yìí, ṣé jẹjẹrẹ náà ń sùn ni?”

Ojú tì mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé páálí oògùn náà lọ bá dókítà. Ó bi mí pé ilé ìwé wo ni mo ti kọ́ṣẹ́ dókítà. Ó ní, “Wọn ò tíì dán an wò lára èèyàn tó, ìwọ ti dán an wò lára ìyá rẹ. Kai, lọ máa ta paracetamol rẹ.”

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìtànṣán, wọ́n dá ọjọ́ tó sọnù padà fún ìyá, ara rẹ̀ sì yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kò bá mi jà rí. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí orí bá ń fọ́ ọ, á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, á kí mi pé, “Likita, sannu da aiki,” ìyẹn kú iṣẹ́, á sì sọdá títì lọ ra oògùn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.