Ìdì Ewé Lẹ́bàá Àmù

Bí mo bá gbóòórùn ẹ̀fọ́ gúre tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, àyà mi a já. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìlórò, ìyá mi rẹ́ gúre fún ahun mi, ó fi ewé kókò dì í, ó gbé e sẹ́bàá àmù kó má baà rọ. Wọ́n ní bàbá mi ti sá lọ sí Èrìò nítorí ọ̀ràn ìbò. Àwọn ọkùnrin tó ń wá a já wọlé.

"Ta lẹ ń di oúnjẹ fún?" ni ọ̀kan nínú wọn bèèrè.

"Ahun mi ni, sà," ni mo dáhùn.

"Ó dìbò ni? Fún un kó jẹ ẹ́, ká rí i."

Ahun fa orí wọlé. Gbogbo wa ń wò ó. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé bàbá mi wà lájà lókè orí wa. Nígbà tó yá, ahun yọrí, ó jẹun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e lọ láti fi se ọbẹ̀. Mo fẹ́ ké, ìyá mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu.