Fíìmù tí Mo Rà fún Àwòrán Ìbejì

Mo rántí ooru ọ̀sán ọjọ́ tí mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Zongo, tí mo ń wo páálí fíìmù bí ẹni tó ń yan àgbò ọdún. Nígbà ìjọba àwọn ológun tó ń pe ara wọn ní kámárádì ni, nígbà tí ọjà gidi kò pọ̀ ní Parakou ìlú wa, tí èyí tó bá wọlé láti Nàìjíríà sì ń gba ẹ̀yìn lọ sọ́wọ́ ẹni tí ọlọ́jà bá mọ̀. Mo ní apárẹ́yì kékeré kan, èyí tí ẹlòmíràn ń pè ní kámẹ́rà. Òyìnbó kan tí mo ń bá tún ọgbà ṣe ló fún mi nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Fúnra apárẹ́yì náà ló ń wá ojú ẹni tó fẹ́ yà, fúnra rẹ̀ ló ń yí fíìmù inú rẹ̀. Èmi náà wá rò pé yóò bá mi gbọ́n pẹ̀lú.

Kì í ṣe eré ló gbé mi dé Zongo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní àdúgbò Ladjifarani bí ìbejì, Táyé ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin. Ibà pa Kẹ́hìndé láìjẹ́ pé a ya àwòrán rẹ̀ kankan rí. Ní tiwa, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, a kì í jẹ́ kí ààyè rẹ̀ ṣófo. Wọ́n á ya èyí tó kù nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ ìkejì rẹ̀, oníṣẹ́ fọ́tò á so méjèèjì pọ̀ sórí pépà kan, ìyá wọn á sì gbé e kọ́ ògiri. A ò tíì ṣe é tí ibà fi mú Táyé náà. Abẹ́rẹ́ ọsibítù ń wọlé, ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń tutù, ó tún ń gbóná. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá àgbà, ló la ẹnu sọ ohun tí kálukú ń gbé mì: Kẹ́hìndé ò rí ibi jókòó nínú ilé, ló ṣe ń pe ìkejì rẹ̀. Ó ní tí àwòrán náà bá pẹ́, òun á gbé ọmọ lọ sí Ṣábẹ̀, kí àwọn ẹbí tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀ pé ọmọ tó ti rù tó bẹ́ẹ̀ ò ní dé Ṣábẹ̀ láàyè.

Mo kọ́kọ́ lọ bá bàbá oníṣẹ́ fọ́tò kan ní àdúgbò Albarika. Ẹsẹ̀ ń dà á láàmú, kò lè wá. Ó ní kí n ra fíìmù dúdú-òun-funfun, kí n ta aṣọ funfun sẹ́yìn ọmọ, kí n yà á lápá òsì, kí n tún yà á lápá ọ̀tún, òun á fọ̀ ọ́, òun á so wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ṣùgbọ́n aṣọ pupa kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi rán fún Kẹ́hìndé, tí ọmọ náà ò wọ̀ títí tó fi kú. Mo rò ó pé nínú dúdú-òun-funfun, pupa yẹn á dà bí eérú.

Alhaji tó ni ṣọ́ọ̀bù bi mí bóyá inú oòrùn ni mo ti fẹ́ yà á àbí inú ilé. Mo ní àgbàlá ni. Ó yọ èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ti inú yàrá nìyẹn. Ó ku dúdú-òun-funfun, aláwọ̀ kan tí páálí rẹ̀ ti ṣá, àti aláwọ̀ kejì tó ń dán gbinrin. Mo nàka sí èyí tó ń dán.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o mọ èyí? Dìàpó ni o."

"Mo mọ̀ ọ́n, Alhaji. Òun náà ni mo máa ń lò."

N kò rí i rí. Ìwé tí mo kà kò jìnnà, n kò sì fẹ́ kí àwọn awakọ̀ tó jókòó síbẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Lójú tèmi nígbà náà, abèèrè ń tú ara rẹ̀ fó ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ta aṣọ ibùsùn funfun sára ògiri àgbàlá. A gbé Táyé jókòó lápá òsì nínú ṣòkòtò rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà a wọ aṣọ pupa sí i lọ́rùn, a gbé e sápá ọ̀tún. Kò bá wa jà. Ó kàn bèèrè bóyá Kẹ́hìndé mọ̀ pé òun wọ aṣọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ó mọ̀. Ìyá àgbà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mo gbé fíìmù dé Albarika, bàbá yí i lọ yí i bọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Dìàpó nìyí, kì í ṣe ti pépà, ọmọ mi. Àwòrán rẹ̀ kì í kúrò lára fíìmù. Kò sẹ́ni tó lè fọ̀ ọ́ nílùú yìí."

Bí fíìmù ṣe bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kùtọnu nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fọn fèrè, mo máa ń sáré lọ sí ibùdókọ̀, níbi tí ènìyàn kò ti gbọdọ̀ dúró pẹ́ kí àwọn ọmọ ogun má bàa bi í pé kí ló ń wò. Tí mo bá padà dé, ọwọ́ mi ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ń wò. Lọ́jọ́ kan mo bá ẹrù ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di í.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá àgbà fẹ́ gbé Táyé lọ sí Ṣábẹ̀ ni ìdìpọ̀ náà dé. Fèrèsé páálí kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀, fíìmù bí èékánná láàárín wọn. Mo jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ṣì í rà, pé kò sí ohun tí a lè gbé kọ́ ògiri. Kò bú mi.

"Àbúrò mi, Kẹ́hìndé dà?"

Mo na èyí tó wọ aṣọ pupa sí i, pẹ̀lú ti Táyé. Ó gbé ọ̀kan sókè sí oòrùn, ó gbé èkejì. Lẹ́yìn náà ó gbé wọn léra, ó tún gbé wọn sókè. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìyá, ẹ wá wò ó."

Ìyá àgbà di ojú kan, ó wò ó. Nígbà tó kàn mí, mo rí àwọn méjèèjì lórí aṣọ funfun kan náà, Táyé lápá òsì, Kẹ́hìndé lápá ọ̀tún nínú pupa rẹ̀. Ìyá àgbà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù rẹ̀.

Ara Táyé yá. Bóyá abẹ́rẹ́ ni, bóyá àwòrán ni, kí ẹni tó mọ̀ wí. Àwọn kámárádì ti lọ, a ti fi ẹfun pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ògiri ìlú rẹ́. Ìbejì àwọn ẹlòmíràn wà lára ògiri pálọ̀, àlejò ń rí wọn kódà nínú iná àtùpà. Tiwa wà nínú agolo mílíìkì, nítorí mi, kò sì ṣeé rí àfi tí oòrùn bá ràn. Nígbà òjò tó kọjá mo yà sí Ladjifarani, mo bá Táyé, tó ti dàgbà báyìí, lẹ́nu ọ̀nà, agolo lórí orúnkún rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Ó ní òun fẹ́ rí Kẹ́hìndé. Mo jókòó tì í, a jọ ń retí kí òjò dá.