Òòrùn Kò Gbọdọ̀ Kan Orí Mùyìbátù

Omi gbígbóná ló dà sí Mùyìbátù lórí nígbà tó wà ní kékeré, láti ìgbà náà ni irun kò sì ti hù níwájú orí rẹ̀ mọ́. Ní Àgọ́-Àrẹ, níbi tó ti ń ta èlùbọ́, kò sí ẹni tó mọ̀ àfi Mọ́nsúrù ọkọ rẹ̀. Gèlè kì í kúrò lórí rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, Sọ̀fíyàt, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ló sọ fún un pé àwọn dókítà kan máa ń yọ irun ẹ̀yìn orí, tí wọ́n á tún un gbìn síwájú. Mùyìbátù rò pé àwàdà ni. Àmọ́ ó lọ, wọ́n sì gbìn ín lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀ kòrókòró.

Nígbà tó ń bọ̀, dókítà kìlọ̀ fún un.

“Ìyá, ẹ má jẹ́ kí òòrùn kàn án o. Awọ ibẹ̀ ò tíì mọ nǹkan lára, òòrùn lè jó o kẹ́ ẹ má mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fìdí mọ́lé ná. Ẹ má wé gèlè, ẹ má fi ìpara kankan pa á títí tí ojú ọgbẹ́ náà á fi jinná. Bẹ́ ẹ bá wá ń jáde, akẹtẹ̀ tó fẹ̀ tí kò fún ni kẹ́ ẹ dé.”

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni, ìgbà tí ewúrẹ́ ń bá èèyàn du ibòji. Mọ́nsúrù, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gba iṣẹ́ sísá iṣu lórí àpáta mọ́ tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àgùntàn ya bo iṣu náà. Mùyìbátù gbàgbé ara rẹ̀, ó sáré jáde láìdé akẹtẹ̀. Mọ́nsúrù ń ti oko bọ̀ lórí ọ̀kadà. Ó fò bọ́ sílẹ̀.

“Ìyá Rùká! Orí rẹ!”

Ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó nà án sókè orí ìyàwó rẹ̀ láìjẹ́ kó kàn án, ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ wà níhòòhò nínú òòrùn. Báyìí ni wọ́n ṣe rìn délé. Mùyìbátù ń wò ó, ẹnu yà á bí ẹni pé kò rí i rí.

Láti ọjọ́ náà, Mọ́nsúrù ló ń gbé agbòòrùn sin ín lọ sọ́jà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín: “Mọ́nsúrù, ṣé ọba lò ń gbé agbòòrùn fún ni?”

Ó ní, “Ọba náà ni.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irun náà bẹ̀rẹ̀ sí í re. Mùyìbátù sunkún, ó pe àbúrò rẹ̀.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” Sọ̀fíyàt dáhùn. “Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí òòrùn pa á.”

Òjò rọ̀, wọ́n gbin àgbàdo, ó yọ ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mùyìbátù ń ṣe àlùwàlá. Ó fi ọwọ́ tútù pa orí, nǹkan kan gún un lọ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó tún pa á. Irun ni!

“Bàbá Rùká, ẹ wá o!”

Mọ́nsúrù nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó rọra gbé e lé ibẹ̀.

“Sùbúhánálláà,” ló sọ.