Oògùn Tí Kì Í Gba Ààwẹ̀

Kò tíì sí ẹni tó gbọ́n tó mi rí nílùú Ìlobù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ọgbọ́n ọ̀hún lò lára mi, ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n fi ìró ìyá mi dè mí lọ́wọ́ sẹ́yìn màrúwá.

Oorun ló kọ́kọ́ lọ. Èmi tí mo máa ń sùn bí òkú, mi ò sùn mọ́, kò sì rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ ń sáré lórí mi bí ewúrẹ́ tó já okùn. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù wọsáàpù àwọn ọmọ kíláàsì wa títí wọ́n fi yọ mí kúrò. Ni mo bá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìfọ́n, mo lọ sọ fáwọn bàbá kan tó jókòó síwájú ilé pé mo fẹ́ kọ́ yunifásítì sáàárín ìlú wọn àti ìlú wa. Èmi tí mi ò parí ọdún kejì ní póli, tó jẹ́ pé orí àwọn tó ń lọ síléèwé ni mò ń fá jẹun ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Àwọn bàbá yẹn ṣèèyàn o. Wọ́n ní ṣé ilé ìdáná máa wà níbẹ̀. Mo ń dáhùn. Mo fẹ́ dákẹ́, ẹnu ò gbọ́. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí.

Dókítà obìnrin kan ní ọsibítù kan ní Òṣogbo ló sọ orúkọ ẹ̀ fún ìyá mi: báípólà. Ó ní àìsàn ọpọlọ ni, ó ní ojú méjì. Nígbà mìíì á gbé èèyàn sókè débi tá á fi fẹ́ kọ́ yunifásítì. Nígbà mìíì á jù ú sílẹ̀ débi tí ìwẹ̀ lásán máa dà bí oko ríro. Ó ní kì í ṣe àṣàsí, kì í sì í ṣe igbó nìkan ló ń fà á. Bó ṣe dárúkọ igbó, ìyá mi wò mí. Èmi ń wo fáànù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa bá irú ẹ̀ pàdé, ẹ má rò pé oògùn àkọ́kọ́ ló máa bá yín lára mu. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi mú mi sùn, àmọ́ ó yí ọrùn mi sẹ́yìn, ahọ́n mi le gan-an, mò ń wo òrùlé bí adìyẹ tó ń mumi. Abẹ́rẹ́ míì ni nọ́ọ̀sì fi tú u. Wọ́n fún mi ní oníhóró. Ìyẹn ò yí mi lọ́rùn, ebi ló ń pa mí ṣáá. Mo jẹ ẹ̀bà tèmi tán, mo ń wo tẹni ẹlẹ́ni. Mo ń sùn lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà wà ní ìdúró. Mo da oògùn náà sí ṣáláńgá, mi ò sọ fẹ́nì kankan. Ojú kejì àìsàn náà dé: oṣù méjì ni mo fi dojú kọ ògiri. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Tí oògùn bá ń dà yín láàmú, ẹni tó kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ lọ bá, kì í ṣe ṣáláńgá.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni lítíọ́ọ̀mù. Irú iyọ̀ kan ni. Tó bá kéré lára, kò ní ṣiṣẹ́; tó bá pọ̀ jù, májèlé ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ mi láti wò ó, láàárọ̀, kí n tó lo tọjọ́ náà. Lórí bẹ́ǹṣì tá a ti ń dúró, ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Mo rí ará Ìlobù kan níbẹ̀. A ṣe bí ẹni tí ò mọra. Títí dòní, tá a bá pàdé lọ́nà, "ẹ kú iṣẹ́" nìkan ni.

Lítíọ́ọ̀mù yìí ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ inú orí mi jókòó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Oníbàárà kan rí bí bíléèdì ṣe ń jó lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ lọ kírun, òun ń bọ̀. Ó ṣì ń kírun náà. Àwọn tó bá wá sílé wa, ìyá mi ni wọ́n máa ń bi pé ṣé ara Wàsíù ti yá, èmi Wàsíù sì rèé lórí àga níwájú wọn.

Nígbà tí Ramadan dé, mo gbààwẹ̀. Dókítà ti ní mi ò gbọ́dọ̀ gbà á láìjẹ́ pé òun mọ̀, mo ti ní "ẹ ṣeun mà." Ṣé ẹ rí i, ní ìṣínu, gbogbo wa máa ń yí abọ́ ńlá kan ká níwájú mọ́ṣáláṣí ni, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá orí ẹ pé. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi padà di èèyàn. Lọ́jọ́ kẹfà, mo bì, mo ń ya ìgbẹ́ gbuuru, gbogbo ara mi ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ mi ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ahọ́n mi wúwo. Àwọn tá a jọ ń jẹun ní mo ti mutí nínú ààwẹ̀.

Ìyá mi ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n dá lítíọ́ọ̀mù dúró, wọ́n fa omi sí mi lára. Dókítà ní tí omi bá dín lára, kíndìnrín ò ní jẹ́ kí iyọ̀ yẹn jáde, á máa kó jọ títí á fi pa èèyàn. Ìyá mi bi mí pé kí ló dé tí mo fi ṣe é. Mo ní kí n lè rí ẹni jókòó tì ni.

Ó ní: "Èmi ńkọ́, Wàsíù? Èmi kì í ṣèèyàn?"



Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi mọ́, dókítà dá lítíọ́ọ̀mù padà, ó dín in kù. Ìwọ̀n yẹn ni mo ṣì ń lò. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀ láàárọ̀; ẹni tó bá fẹ́ kí n fi bíléèdì fàlà sórí òun, kó wá lọ́sàn-án. Mo ń sùn. Mi ò gbọ́n mọ́, mi ò sì dojú kọ ògiri. Ara tí mo ti ń bú yìí, ó gbé mi la gbogbo ẹ̀ kọjá, mi ò tíì kí i kú iṣẹ́ rí. Alhamdulillahi.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ramadan míì dé, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àfáà mọ́ṣáláṣí wa. Mo ṣàlàyé tán. Mo ní ìyá mi máa bọ́ tálákà kan lójúmọ́ dípò ààwẹ̀ mi, mo ní tó bá jẹ́ tálákà ni, kí wọ́n kúkú gbé oúnjẹ náà fún mi. Àfáà ò rẹ́rìn-ín. Ni mo bá sọ tinú mi: pé ojú ń tì mí láti máa jẹun ọ̀sán lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pé tí Àfáà bá lè ní kí n gba ọjọ́ kan péré, màá gbà á, kí n lè lẹ́nu láti jókòó nídìí abọ́.

"Ìgò omi mélòó ni dókítà ní kó o máa mu lójúmọ́?"

"Ìgò ńlá méjì, Àfáà."

"Máa mu ún. Tó bá dìrọ̀lẹ́, wá jẹun."