Ìwọ̀n Bàbá

Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Bàbá ti já bọ́. Láàárín bẹ́ẹ̀dì àti àga ẹ̀bá fèrèsé. Ibi tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ.

Bíríkìlà ni Bàbá kí apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó rọ. Kílò mọ́kànléláàádọ́rin, ìwé ilé ìwòsàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé e kò ju kílò mọ́kàndínláàádọ́ta lọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é láti kékeré.

Egungun kankan kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ọkùnrin gbọ́, ó sì wá láti ìlú tó ń gbé.

"Oṣù mẹ́ta," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Tí mo bá padà dé, wàá dá gbé e lójú mi, láti bẹ́ẹ̀dì dé àga. Tí o kò bá lè gbé e, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ó tún ṣubú."

"Mo ti gbọ́, Bọ̀dá."

Bàbá kọjú sí ògiri. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mọ ògiri náà.

Ilé ìfọṣọ ni Abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì ló ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bó ṣe ṣíwọ́, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan lọ, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé irin kí ara wọn lè le. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Kóòṣì ló ń darí wọn. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Atẹ́gùn pọ̀ níta. Ṣé òkúta lo kó sápò kí o tó dé ibí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín.

"Irin kì í fi ẹran síni lára," ni Kóòṣì wí. "Oúnjẹ ni. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Ẹyin, ẹ̀wà, wàrà, ẹ̀pà, ìrẹsì. Kí o sì máa sùn. Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ pé o fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú abọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kì í ṣe ìjẹkújẹ. Iṣẹ́ ni. Ẹyin mẹ́ta láàárọ̀, ẹ̀pà nínú àpò, ẹ̀wà lọ́sàn-án pẹ̀lú ooru áyọ́ọ̀nù lójú. Nígbà mìíràn, èébì á dé ọ̀nà ọ̀fun. Á gbé e mì. Ní gbogbo Sátidé, á gun òṣùwọ̀n, á kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Àádọ́ta. Àádọ́ta. Àádọ́ta. Ó sunkún ní balùwẹ̀, ó jáde, ó mu wàrà. Mọ́kànléláàádọ́ta.

Bàbá náà ń ṣe tirẹ̀. Tí wọ́n bá jọ ń jẹun, á ti abọ́ rẹ̀ sí i.

"Gbà. Mo ti yó."

"Bàbá, ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan."

"Èmi tí mo jókòó látàárọ̀, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Jẹ ẹ́, Abẹ́rẹ́. Bọ̀dá rẹ ń bọ̀."

Kóòṣì ní kó má fi nǹkan sílẹ̀ nínú abọ́. Ó jẹ tirẹ̀. Ó jẹ ti Bàbá.

Láàárọ̀, obìnrin ilé kejì á wá bá a gbé Bàbá: ìyẹn á di ẹsẹ̀ mú, òun á di apá. Súwẹ́tà ni Bàbá ń wọ̀ tọ̀sántòru. Ó ní òtútù ń mú òun.

Oṣù mẹ́ta pé. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni ẹ̀gbọ́n wọlé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ kan, báàgì òfìfo lọ́wọ́ kejì. Báàgì tó fẹ́ fi kó aṣọ Bàbá.

"Ó yá. Gbé e."

Abẹ́rẹ́ tẹ orúnkún, ó na ẹ̀yìn. Ó gbá Bàbá mọ́ra láti iwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pàdé lẹ́yìn rẹ̀. Ó mí sínú. Ó dìde.

Ẹsẹ̀ Bàbá kúrò nílẹ̀. Wẹ́rẹ́.

Wẹ́rẹ́ jù.

Lánàá ló gbé irin tó wọn àádọ́rin kílò, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbàgbé. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ò tó àádọ́rin. Eegun ìhà Bàbá ń gún un lápá láti inú súwẹ́tà.

Gbogbo abọ́ yẹn.

"Má sọ ọ́," ni Bàbá wí sí i létí, jẹ́jẹ́.

"O mà gbé e," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó ti ń ká báàgì.

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré. Tó bá gbé e dé àga, ọ̀rọ̀ parí, Bàbá ò lọ síbì kankan mọ́. Lọ́la, á tún ti abọ́ sí i.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi gbé òṣùwọ̀n yẹn wá síwájú mi."

"Abẹ́rẹ́."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n gbé òṣùwọ̀n náà dé. Abẹ́rẹ́ gùn ún, tòun ti Bàbá. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá awò ojú rẹ̀. Àpò ọ̀tún. Àpò òsì. Itan Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò gbé e kalẹ̀.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà."

"Márùndínlọ́gọ́ta ni tèmi, ó wà nínú ìwé mi. Ẹ yọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n ń ṣírò, ètè rẹ̀ ń mì. "Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Kílò mẹ́wàá. Níbo ló lọ?"

"Mẹ́fà wà lára mi." Ó gbé Bàbá dé àga, ó rọra fi í jókòó. "Oúnjẹ rẹ̀ ló ń fún mi. Mo sì ń gbà á."

Ẹ̀gbọ́n tún báàgì náà ṣí. Wọ́n gbọ́ bí síìpù ṣe lọ.

"Èmi ni mo ṣe é," ni Bàbá wí. "Mi ò fẹ́ kú sáàárín ògiri tí mi ò mọ ẹni tó mọ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọ kíṣìnnì fúnra rẹ̀, ó bu ìrẹsì àti ẹyin, ó gbé e lé orí itan Bàbá, ó fa àga kan, ó jókòó.

"Ẹ jẹ ẹ́ lójú mi. Tí abọ́ yẹn bá ṣófo, èmi nìkan ni mo ń lọ. Tí nǹkan bá kù níbẹ̀..."

Kò parí rẹ̀.

Bàbá mú ṣíbí. Nígbà tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo Abẹ́rẹ́. Àfi bí ẹni tó ti mọ́ lára, ó ti abọ́ náà sí i.

Abẹ́rẹ́ tì í padà.

"Mo ti yó, Bàbá."

Bàbá jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n gba abọ́ náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó fa síìpù báàgì pa.

"Ìwé ìwọ̀n méjì ni kí o máa kọ láti òní lọ," ni ó wí fún àbúrò rẹ̀. "Tìrẹ àti tirẹ̀."